Ọjọ́ Tí A Fi Sinmi ní Etí Odò Célé

Figeac,
Ọjọ́ Àìkú.

Clémence, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bàbá rẹ wà ní ilé ìwòsàn níbí láti ọjọ́ Ẹtì, kò sì tíì lajú. Ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Mo fi èyí ṣáájú ìkíni kí o má baà máa ka ìwé yìí lọ pẹ̀lú àyà jíjá. Wàyí o, ṣé ara rẹ le lórí òkè níbẹ̀? Ṣé agbo àgùntàn rẹ pé? Mo mọ̀ pé fóònù ò dé ọ̀dọ̀ yín, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé.

Ọ̀dọ̀ rẹ là ń bọ̀, a sì pàgọ́ sétí odò Célé lójú ọ̀nà. Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ àjọ̀dún Màríà, a sì pinnu pé a ò ní tú àgọ́, kí bàbá rẹ lè lágbára láti gun òkè yín. Ó so ibùsùn olókùn rẹ̀ mọ́ igi méjì létí odò, ó ní, “Ẹni tó bá pè mí síṣẹ́ lónìí, òkú ló ń pè.” Mo rẹ́rìn-ín.

Alẹ́ tó ṣáájú, gbogbo abúlé ti jùmọ̀ jẹun lábẹ́ igi níwájú ṣọ́ọ̀ṣì: pẹ́pẹ́yẹ, wàràkàṣì ewúrẹ́, wáìnì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá rẹ ní nǹkan wúwo lórí àyà òun, apá òsì òun sì ń ro òun. A di ẹ̀bi ti apá ru okùn àgọ́ tó fà. Ní ti àyà, o mọ àwa èèyàn ibí: ohun yòówù kó ṣe wá lẹ́yìn àsè, ẹ̀dọ̀ la máa ń fẹ̀sùn kàn.

Josiane Bouyssou, aládùúgbò wa ní pápá àgọ́ lọ́dọọdún, ló kọ́kọ́ yọ jáde tòun ti aṣọ ìsùn. “Régis! Ẹ̀dọ̀ yín ló ń jẹ́jọ́ wàràkàṣì àná! Ta ló ní kẹ́ ẹ jẹun bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tì mọ́lé?”

Bàbá rẹ dáhùn pé, “Ìyá Bouyssou, ẹ̀dọ̀ mi jù yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ bọ̀wọ̀ fún un.”

Josiane se àgbo ewé fún un, ó tún se omi ẹ̀fọ́. Gbogbo àwọn tó kọjá ló mú ìmọ̀ràn wá, ti ẹ̀dọ̀ sì ni gbogbo rẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù irin lábẹ́ igi, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, a ki ẹsẹ̀ bọ odò. Bàbá rẹ ń làágùn, a ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, a ní ẹ̀dọ̀ ń fọ ara rẹ̀ ni. Mo ronú kan ilé ìtajà oògùn, mo rántí pé wọ́n ti tì í nítorí ọdún. Ọkọ̀ pàjáwìrì kì í ṣọdún, ṣùgbọ́n ta ló ń pe ọkọ̀ pàjáwìrì nítorí wàràkàṣì?

Lọ́sàn-án, ó ní, “Huguette, lọ́la a ó kọrí sọ́dọ̀ ọmọ mi.” Lẹ́yìn náà ni abọ́ omi ẹ̀fọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mí mọ́. Ọkọ Josiane ń tẹ àyà rẹ̀ títí ọkọ̀ pàjáwìrì fi dé.

Dókítà tó gbà wá nílé ìwòsàn kò jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Ó bi mí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní òwúrọ̀. Ó ní, “Màmá, kì í ṣe ẹ̀dọ̀.” Ẹ̀jẹ̀ ò dé ọpọlọ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀rọ ló ń mí fún un. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọn yóò tún ọpọlọ rẹ̀ yẹ̀ wò. Bí ó bá rí bíi ti àkọ́kọ́, wọn yóò yọ ẹ̀rọ náà. Dókítà ní kí n má retí ohun mìíràn. N kò sì ní sọ fún ọ pé kí o retí.

Josiane jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò lè wò mí lójú. N kò dá a lẹ́bi. Bó bá jẹ́ ọkọ tirẹ̀ ni, ohun kan náà ni ǹ bá sọ.

Kí Ọlọ́run di ẹsẹ̀ rẹ mú lórí àpáta. Kí ìkookò má mọ ọ̀nà agbo rẹ. Kí o dàgbà ju bàbá rẹ lọ, kí o sì rí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ dáadáa jù báyìí lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Huguette.

Àfikún: Ọkọ Josiane tó mú ìwé yìí wá ń dúró dè ọ́ nísàlẹ̀ òkè, fi agbo lé darandaran ẹlẹgbẹ́ rẹ lọ́wọ́, kí o bá a bọ̀. Mo bẹ dókítà pé kí wọ́n má yọ ẹ̀rọ náà títí o fi máa dé. Ó ní ọ̀gá òun ló lè pàṣẹ, ọ̀gá náà sì lọ fún ìsinmi ọdún. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí i. Kò tíì fèsì.