Inú Abọ́ àbí Ìta Abọ́

Ọjọ́ Ajé, 4 Máàṣì 1996
Tísà Adéjọbí ní ẹnì kan péré nínú kíláàsì wa ló máa lọ díje ìṣirò l'Óṣogbo. Èmi ló máa jẹ́! Ta ni ì bá tún jẹ́? Àfi Raliat tá a jọ ń jókòó. Àwòdì ni mò ń pè é níkọ̀kọ̀ — ojú rẹ̀ kì í kúrò lórí ìwé mi.

Ọjọ́rú, 6 Máàṣì
Gráàfù. Ìlà tó tẹ̀ bí abọ́. Tí y bá ju x² − 4 lọ, inú abọ́ la máa kùn. Tí kò bá tó o, ìta. Àwòdì ń mi orí. Ṣé ó yé e ni, àbí ìwé mi ló ń dúró dè?

Ọjọ́bọ̀, 7 Máàṣì
Àwòdì tún yọjú wo ìwé mi. Mo fọwọ́ bò ó. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín olè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Máàṣì
Ìdánwò tí wọ́n fẹ́ fi yan ẹni tó ń lọ Òṣogbo. Tísà kọ y > x² − 4 sójú pátákó. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ y < x² − 4, gàdàgbà, mo sì rọra sún ìwé mọ́ ọn. Àwòdì dà á kọ kíá! Mi ò tíì ya ìlà kankan. Bó ṣe tẹrí ba, mo pa àmì náà rẹ́, mo tún un kọ, mo kun inú abọ́. Ìta ni òun kùn. Gbogbo ọjọ́ ni t'olè, ọjọ́ kan ni t'olóhun.

Ọjọ́bọ̀, 14 Máàṣì
Èmi ni mò ń lọ! Tísà ní iṣẹ́ Raliat mọ́ ju ti gbogbo wa lọ, àmì yẹn nìkan ló ṣì. Wọ́n bi í léèrè ibi tó ti rí i. Ó ká ìwé rẹ̀ pọ̀. Kò tiẹ̀ wò mí. Kí ló ń rò? Àti pé — iṣẹ́ ta ló jí wò? Ìwé tèmi ṣófo nígbà tó ń wò ó.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Máàṣì
Raliat dúró dè mí lẹ́nu géètì. Mo rò pé ìjà ni. Ó ní òun wá dúpẹ́ ni, pé mo máa ń jẹ́ kí òun rí ìbéèrè. Láti ọdún tó kọjá ni kò ti rí ojú pátákó mọ́. Bàbá rẹ̀ ní tí àwọn bá ta kòkó oko àwọn ní Ìwàrà, àwọn á ra awò ojú fún un. Kò fẹ́ sọ fún Tísà, kí wọ́n má baà máa pè é ní afọ́jú.

Ìbéèrè nìkan ló ń wò. Ojú gbà mí tì.

Ó ní, "Phebe, tó o bá dé Òṣogbo, jọ̀ọ́, bá mi da ìbéèrè wọn kọ wá. Kọ ọ́ gàdàgbà, bíi t'ọjọ́ ìdánwò yẹn. Mo rí i dáadáa lọ́jọ́ yẹn."

Mo ní mo ti gbọ́.