Ẹ Bá Mi Se Omi Àdùkẹ́

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ṣógúnlé níbí. Ẹ̀gbọ́n mi Làmídì, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí sí wọn létí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan.

Ara mi le, àárò yín ló ń ṣe mí. Òjò Èkó ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Owó epo sì ti dé, gbogbo ẹni tó ra mọ́tò tuntun ló fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàó Estate, kó má baà kó àìsàn ran èèyàn.

Iṣẹ́ náà ń da orí mi rú. Màá bu omi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, màá kán oògùn àyẹ̀wò sí i. Tó bá pọ́n bí òróró ẹ̀pà, ó dáa. Tó bá ṣì mọ́ gaara, oògùn apakòkòrò ti tán nínú adágún nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Ẹ ò rí ayé!

Ní Sátidé tó kọjá, omi náà tòrò débi pé mò ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo kán oògùn sí i, kò pọ́n rárá. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ará Ìjẹ̀bú, ní kí n ti géètì. Mo ní ṣebí omi náà mọ́, pé nílé wa, ìyá mi á ju álọ́ọ̀mù sínú omi odò, tó bá ti tòrò, ó di mímu nìyẹn. Wọ́n ní álọ́ọ̀mù wà nínú tibí náà, pé ìdọ̀tí ló ń mú rì sísàlẹ̀, kì í pa kòkòrò. Wọ́n wá bi mí bóyá ẹ máa ń sè é. Mo bá lọ ti géètì.

Ìyá mi, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ẹ ní Àdùkẹ́ ọmọ mi tún ń ya ìgbẹ́ gbuuru lọ́dọ̀ yín, pé eyín ló fẹ́ hù. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, mi ò mọ èyí tí mo gbà mọ́. Omi ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń ṣọ́, mi ò sì mọ ohun tí ọmọ tèmi ń mu.

Mi ò bá yín wí o. Abiyamọ tòótọ́ ni yín. Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn álọ́ọ̀mù, ẹ se omi Àdùkẹ́ kó hó dáadáa. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní omi yẹn náà la mu dàgbà. Lóòótọ́ ni, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dàgbà. Àwọn mẹ́ta tó wà láàárín wa ńkọ́?

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó wo Àdùkẹ́ sàn. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà agboolé wa.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí èsì,
Ràsákì.