Dúrójaiyé, Nítorí Sùtánà Lo Ṣe Pààrọ̀ Oògùn

Ọdún mẹ́rin rèé! Nígbà náà, ìyá wa ṣì wà, ó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà l'Ódòde, ó ń bú ẹni tó bá kọjá láìkí i. Ìwọ àbúrò mi náà wà, ò ń gun ọ̀kadà lọ sóko kòkó l'Áládé. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ló ṣẹ́kù.

Olútìmẹ́hìn ọmọ rẹ ti kan òrùlé ilé tó o kọ́ kù. Michelle àbígbẹ̀yìn rẹ ti wọ yunifásítì. Kòkó ń so. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ikú rẹ ń rí mi lára, n ó sì sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Mojọlá fún ọ ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń múni tọ̀. Mo wà níbẹ̀! Ó ní oríṣi mìíràn wà tó ń mú kí ọkàn rọra lù, ó dáa fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kí oníkọ́ fée bíi tìẹ má fẹnu kàn án, torí ó lè dí ọ̀nà èémí. O ní, "Mo ti gbọ́, mà." O gbọ́ kẹ̀!

Ìwọ lò ń gbé àgbélébùú ṣáájú lọ́jọ́ Ìsinmi. Nínú ìjọ yín, ẹni tó bá jáde lọ tọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sùtánà, kó wẹ̀ kó tó padà wọlé. Ojú ń tì ọ́. Felix ọ̀rẹ́ rẹ wá ń fọ́nnu: "Èmi kì í dìde o! Oògùn tèmi mọ ìwà hù. Gbà, mú tìẹ wá." Ẹ ṣe pààrọ̀ páálí oògùn bí ọmọdé tó ń pààrọ̀ gúgúrú. Ṣíọ̀! Àgbà méjì! Oríṣi tó ń mú kí ọkàn rọra lù yẹn mà ni ti Felix.

Mo rí páálí náà lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tìẹ. Mo kàn ń fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ pé ilé ìtọ̀ ti sinmi. Ẹnu mi yìí! Ó ń kó mi nírìíra.

Felix ló ń gbé àgbélébùú báyìí. Ó ṣì ń sọ fáwọn èèyàn pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lóṣù tó kọjá, ó na páálí sí èmi náà! Mo fi ọ̀pá gbá a dànù.

Ọjọ́ kẹta tó o ń lo oògùn Felix bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi. Orin àkọ́kọ́ kò tíì parí tí àyà rẹ fi ń súfèé. O kọ̀, o ò jókòó. A gbé ọ sọ́kọ̀, a ò tíì jáde n'Ídànrè tó o fi dákẹ́ lórí itan mi. Mo ń pè ọ́, mo ń pè ọ́, bí mo ṣe ń pè ọ́ nígbà tí mo ń pọ̀n ọ́. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ, àbúrò mi. Àárò rẹ ò jẹ́ n gbádùn.