Fọ́tò Orí Òkè Mápó

Olóòtú wa orí asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ará Bẹ́yẹrúnkà ni mí.

Télọ̀ ni baálé mi. Lóṣù tó kọjá, ó gun ògiri kan lókè Mápó kí ayafọ́tò lè ya òun pọ̀ mọ́ gbogbo òrùlé Ìbàdàn. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó jábọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Èmi ń sunkún, òun ń bi ayafọ́tò pé, "Ṣé o ti yà á kí n tó ṣubú?"

Mo bínú. Ó ní, "Ẹsẹ̀ á jinná, fọ́tò ò ní í kú."

Ṣé fọ́tò ló ń gbé e lọ wẹ̀ lẹ́yìnkùlé láràárọ̀ ni, àbí èmi? Ó tún ní bí òun bá jinná, òun á padà gun ògiri yẹn, òun á gbé ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́ta sí èjìká. Mo ní kò ní í ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ìyá ọkọ mi ní n kì í gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, ta ni olóríkunkun nínú wa?