Òwú Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Dókítà

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọlọ́run tó gbé ọ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ò ní padà lẹ́yìn rẹ.

Ara wa le nílé, a dúpẹ́. Àbúrò rẹ, Aláròyé wa, ti ń rìn dé ẹnu géètì láìfọwọ́ di ikùn mú. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ tó kù sí i nínú lẹ́yìn èyí tí wọ́n gé fún ọ ti ń hù padà bí igi tí wọ́n bẹ́ tó ń rúwé. Bí o bá rí i pé o ti ń sọ̀rọ̀ jù, tí o sì ń bínú nítorí pé omi ìwẹ̀ ò gbóná, má bẹ̀rù, èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ ló ń rántí ilé. Ní sùúrù fún un.

Fọ́tò inú ikùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ti dé. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán, ó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ńlá, ó fi gíláàsì bò ó, mo sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọjọ́ tí o jáde ilé-ìwé. Ibi tó pupa dùn mọ́ mi, àmọ́ ibi tó ní àwọ̀ búlúù kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ti tutù ni. Mo fi aṣọ òtútù bo fọ́tò náà títí nọ́ọ̀sì àdúgbò fi yà sílé wa, tó rẹ́rìn-ín, tó ní àwọ̀ yẹn kàn ń sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ kọrí sí ni. Mo ṣí i, àmọ́ mi ò gbé aṣọ náà jìnnà.

Òun náà ló fara balẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀ fún mi. Ó ní lára ọ̀pọ̀ èèyàn, iṣan ńlá kan ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ bọ́ ẹ̀dọ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n gé lára àbúrò rẹ, méjì ni tiẹ̀, méjèèjì sì tín-ín-rín, dókítà ní láti rán wọn mọ́ tìrẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní irú ẹ̀ tètè ń dí, bó bá sì dí, ẹ̀dọ̀ ò ní rí ẹ̀jẹ̀ tó tó mu, ọ̀nà tí òróòro ń gbà jáde á bàjẹ́ kí ara tó ro olúwarẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya fọ́tò náà lemọ́lemọ́. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo fi tọ́ yín, mo mọ̀ pé ojú rírán tó tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ tú, nítorí náà mo fi òwú kan sínú àpò ìwé yìí, èyí tó yi jù nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Fún dókítà, kí o bá mi kí i dáadáa, kó rán an lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan. Ìyàwó rẹ ní o ò lọ ya fọ́tò lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé o ní ara rẹ ti yá, iṣẹ́ ń dúró dè ọ́. Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Ìlera loògùn ọrọ̀, iṣẹ́ ò lè sá lọ. Nígbà tí Aláròyé gbọ́, ó kàn fọwọ́ lé ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Ìyẹn ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi, fi wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Bó bá ṣẹ́ kù, fi jẹun dáadáa. Bó bá tún ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn, má fi dù mí, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi ti kán.

Láràárọ̀, bí ọwọ́ mi ò ṣe tó ọ, ikùn àbúrò rẹ ni mo ń gbé e lé kí n tó gbàdúrà fún ọ. Ó máa ń kùn pé ọwọ́ mi tutù, àmọ́ kì í gbé e kúrò. Iṣan méjèèjì ò ní dí. Ohun tí àbúrò rẹ fún ọ ò ní ṣòfò. Lọ ya fọ́tò náà. Mo ti kan ìṣó rẹ̀ mọ́ ògiri.

Èmi ìyá rẹ.