Abẹ́rẹ́ Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Lúkúmánù

Ìsàlẹ̀ Gángan, Èkó.

Bùrọ̀dá Ràfíù,

Ẹ forí ji Sìdíkátù àbúrò yín: láti oṣù Kẹjọ ni mo ti ṣe yìgì. Lúkúmánù ọ̀rẹ́ yín ni mo fẹ́. Bàbá ló ní kí a fi pamọ́ títí di wálímọ̀, àsè ìgbéyàwó wa. Ayọ̀ ń mú mi dá rẹ́rìn-ín nídìí ìkòkò. Ẹ kú àjò o. Màmá ń kí ẹ̀yin, ìyàwó àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti ń san.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí yín. Abẹ́rẹ́ tẹsitọ́súrọ́ọ̀nù, èròjà ara ọkùnrin, tí ẹ ń fi ránṣẹ́ láti Houston, ọkọ mi ló ń gún un. Mo gbọ́ ohùn yín lórí fóònù rẹ̀: “Gún méjì lọ́sẹ̀, Lúkú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyàwó tó o bá fẹ́ á sá lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀.” Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n ọ̀hún.

Nígbà tí àyà rẹ̀ ń wú, ìyá rẹ̀ ń yìn mí: “Ìyàwó, o mà ń bọ́ ọmọ mi o.” Èmi òmùgọ̀ tún ń bu ẹ̀bà kún un. Dókítà ló là mí lójú: oògùn náà pọ̀ jù, ọ̀rá ikùn ń sọ lára rẹ̀ di ẹ́sítírójìn, èròjà ara obìnrin. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ki, ṣúgà rẹ̀ ti gòkè, oògùn náà sì lè dí wa lọ́wọ́ ọmọ bíbí. Ẹ tún ní kó lo hóró oògùn tó ń pa ẹ́sítírójìn, bẹ́ẹ̀ eegun ọkùnrin nílò díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa tírélà, ta ló sọ yín di dókítà?

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ ránṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà ni kí ẹ gbé bọ̀. Lúkúmánù kò gbọ́ tèmi, kò gbọ́ ti dókítà, tiyín nìkan ló ń gbọ́. Ẹ wá sọ fún un lójú mi pé ẹ ṣì í lọ́nà, kí wálímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo yín gbọ́dọ̀ ti dé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá, 2026.