"They" Tí Mo Kọ Nípa Bàbá Bùràímọ̀

Ọjọ́ Ajé, 7/10/2024

Ó ku ọjọ́ méjìlá kí a lọ díje ní Òṣogbo. Ìdíje ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ń ta kókó sí ahọ́n. Mo kó àwọn ọmọ Pírámárì Márùn-ún mi jọ, mo ní kí wọ́n máa sọ ọ́ tẹ̀ lé mi: "Six sheep share a silver shelf." Ọmọ Ẹdẹ! "Shix seep sare a shilver self." Àfi bíi kí n rún ṣọ́ọ̀kì jẹ. S kì í ṣe ṣ, mo sọ ọ́ títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Àǹtí Gírámà ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Mo gbọ́. Kò dùn mí rárá.

Àròkọ Aqeelah: "My grandmother, they are selling iru at Sekona." Mo fi bírò pupa fagi lé "they". Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mo sì kà á sókè: How many grandmothers? Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọ náà. Mo ní kó kọ ọ́ lọ́nà tó tọ́ nígbà mẹ́wàá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8/10

Èmi àti Bàbá Bùràímọ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ géètì wa fa ọ̀rọ̀ lónìí. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní tiwọn: "Àwáwù gbé àwo lọ Awo, àwo Àwáwù fọ́ ní Awo." Àwọn ọmọ ń sáré sọ ọ́, kò sẹ́ni tó ṣì í sọ. Inú bí mi. Mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá ò sí nínú ìdíje, ẹ ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Wọ́n ní, "Ahọ́n wọn ni mo ń bá ẹ pọ́n, Hasanat." Mo kàn kọjá bẹ́ẹ̀.

Kò yẹ kí n kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n tó bàbá mi í bí.

Ọjọ́bọ̀, 10/10

Wàhálà. Sípíkà tuntun tí a fẹ́ gbé lọ Òṣogbo ò sí ní sítọ̀ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Joshua, ọmọ ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́, òun ni ọ̀gá wa báyìí — London ló dàgbà sí, ọdún yìí ló dé, ọ̀nà Sekona ló kọ́lé sí, Òyìnbó Sekona ni mo ń pè é nínú ìwé yìí nìkan — ó ní kí gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu dúùtì lánàá kọ ohun tó rí. Lédè òyìnbó. Kó tó di aago méjì.

Èmi wà lẹ́nu dúùtì. Bàbá Bùràímọ̀ nìkan ni mo rí, ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Wọ́n mú àpò òfìfo kan jáde ní sítọ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì lọ fi kó ewé máńgòrò lẹ́yìn kíláàsì. Mo kọ ọ́ sí ìwé kan wò ná, mo wá tún un kọ mọ́níge. Òyìnbó Sekona ní òyìnbó mi mọ́ tónítóní. Ó ní ipò igbákejì ọ̀gá ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí n fọkàn sí i.

Orí mi wú. Kí n má purọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 11/10

Ó pe Bàbá wọ ọ́fíìsì. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá. "Èmi nìkan ni." Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. Nígbà tí wọ́n jáde, fìlà wọn wà lọ́wọ́. Wọ́n rí mi. Wọn ò kí mi.

Ọjọ́ Ajé, 14/10

Bàbá ò sí ní géètì. Ọdún mẹ́rìnlá, ó ti tán.

Mo bi Mary, akọ̀wé ọ́fíìsì. Ó ní wọ́n ò rí sípíkà lọ́wọ́ Bàbá, irọ́ tí ọ̀gá ní Bàbá pa ló tìtorí ẹ̀ lé wọn. Bàbá ní àwọn nìkan làwọn wọ sítọ̀, ṣùgbọ́n tíṣà kan kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Mo ní tíṣà wo? Mary ní ọ̀gá ló kó ìwé sọ́wọ́, òun ò kà á.

Kí ló lè mú èèyàn kọ irú irọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ arúgbó? Ẹni yòówù kó jẹ́, Ọlọ́hun ń wò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15/10

Àwọn ọmọ ò sọ Àwáwù mọ́.

Ọjọ́rú, 16/10

Aqeelah mú ìwé ẹ̀ wá. Ó ti kọ "My grandmother, she is selling" nígbà mẹ́wàá. Ó wá ń fọwọ́ ra etí tábìlì. Ó ní, "Àǹtí, ẹnu mi ò gbà á. Màmá àgbà ni. Ó ń ṣe mí bíi pé mo ní 'ó ń ta irú'." Mo rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ sọ fún un pé òyìnbó ò mọ àgbà, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹnì kan ṣoṣo — bírò dúró lọ́wọ́ mi.

Ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ wò ṣì wà nínú báàgì mi. Mo yọ ọ́. "I saw Baba Buraimoh at the store. They came out with one sack. They locked the door. They went to the back."

They. They. They. Ẹnì kan péré.

Èmi ni. Èmi tí mo fi ìyá àgbà Aqeelah ṣẹ̀sín. Èmi náà ni mo fi ẹjọ́ ara mi sun Ọlọ́hun lọ́jọ́ Ajé.

Ọkọ mi, Nasrullah, ní kí n panu mọ́. Ó ní ọ̀la ló kù, Jímọ̀ ni ipò, èmi kọ́ ni mo lé wọn.

Ọjọ́bọ̀, 17/10

Mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ẹtì, 18/10

Mo wọlé.

Ọ̀rọ̀ náà ò tètè yé Òyìnbó Sekona. Ó ní "they" kì í ṣe ẹnì kan. Mo ní mo mọ̀, sà. Mo ní nílé wa, bí àgbà bá dá nìkan wà nínú yàrá, "wọ́n" náà la ó pè é, a kì í ní "ó". Mo ní ọwọ́ mi ò lè kọ "he" fún Bàbá, n ò tiẹ̀ mọ̀ pé kò kọ ọ́. Ó bi mí pé ṣé èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ lóyìnbó ni mo ṣe irú àṣìṣe yìí. Mo ní èmi ni.

Ó ti ìwé sí mi, mo tún un kọ: "Baba Buraimoh was alone. He came out with one sack. He locked the door." Ní gbogbo "He", ó ń ṣe mí bíi pé mò ń pe bàbá mi lórúkọ.

Ó ká ìwé náà. Ó ní Deborah ti Pírámárì Mẹ́ta ni yóò kó àwọn ọmọ lọ Òṣogbo lọ́la. Igbákejì ọ̀gá náà, Deborah ni. Mo ní yes, sà. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ títí dé ilé, ojú ò tì mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19/10

Àwọn ọmọ ṣe ipò kejì ní Òṣogbo. Orí Wáásáàpù ni mo ti rí i.

Ọjọ́ Ajé, 21/10

Wọn ò tíì rí sípíkà. Ṣùgbọ́n Bàbá Bùràímọ̀ wà ní géètì.

Mo kúnlẹ̀ lórí iyanrìn níṣojú àwọn ọmọ. Mo rò ó fún Bàbá, látorí "they" dé orí "he", n ò fi nǹkan kan pa mọ́. Wọ́n ní, "Mo ti rò pé torí Àwáwù lo ṣe purọ́ mọ́ mi."

Mo ní rárá, Bàbá. Ọ̀wọ̀ ni.

"Ọ̀wọ̀?" Wọ́n tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ọ̀wọ̀ lo fi lé mi kúrò ní géètì ọdún mẹ́rìnlá?"

Mo ní ẹ foríjì mí, Bàbá.

"Dìde, iyanrìn ti kún orúnkún ẹ. Tó bá tún di pé o fẹ́ kọ mí lóyìnbó, Hasanat, jọ̀ọ́, má bọ̀wọ̀ fún mi mọ́."

Wọ́n ṣí géètì fún mi. Àwọn nìkan ni.